Ọwọ́ Mi Ló Rán Ìgbín Tó Ká Sódì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ìgbà tí Dahomey wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ìwé ìròyìn yín máa ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Sakété lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń gba ẹnubodè kọjá, mo sì ti ń rí bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ tẹnu wọn nínú rẹ̀. Ó ti kan èmi náà wàyí. Ẹni tí mo ṣẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì kúnlẹ̀ kí mi.

Aránṣọ ni mí. Alákékù ni mo ń rán, ìyẹn aṣọ ìbora tí a fi àkékù aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀, tí a tẹ́ òwú sáàárín rẹ̀. N kò ní ṣe ojú ayé: láti Pobè dé Takon, kò sí ẹni tó ń rán an bí èmi. Ọwọ́ òsì ni mo sì fi ń rán an. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, n kò wá tọrọ àforíjì nítorí ọwọ́ mi. Ọwọ́ tó ń bọ́ mi ni.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ òsì ṣe rí lọ́dọ̀ wa. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì wá sọ ti aṣọ tí ìyàwó tuntun yóò gbé lọ sílé ọkọ. Ní Pobè tí mo ti kọ́ṣẹ́, Ìyá Ìbejì, ọ̀gá wa, fi igi ìwọnṣọ na ọwọ́ òsì mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Bí oníbàárà bá rí ọwọ́ yìí lára ẹrù rẹ̀, ta ni yóò gbà á?" Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí, ọ̀tún ni mo ń lò. Bí ó bá ku èmi nìkan, mo padà sí tèmi.

Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù lọ́wọ́ wa ni èyí tí à ń pè ní ìkarahun ìgbín. A máa ń to àkékù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yí ojú kékeré kan ká, ọ̀kan á gun èkejì, yóò sì máa fẹ̀ sí i bí ẹ̀yìn ìgbín. Ìyá ìyàwó ló sábà máa ń bẹ̀ wá ṣe é, kí ilé ọkọ lè tu ọmọ rẹ̀ lára, torí ẹ̀rọ̀ ni ti ìgbín.

Bébà àwòṣe kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi ń ṣe é. Òfin rẹ̀ kò le: tẹ́ ẹ síwájú, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó mú abẹ́rẹ́, kí o máa yí i lọ. Bí ọlọ́tún bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìgbín rẹ̀ á ká bí gbogbo ìgbín inú igbó ṣe ń ká. Bí èmi bá fi òsì ṣe é bẹ́ẹ̀, tèmi á ká sódì. Mo rán an, mo tú u, mo rán an, mo tú u, ó sú mi. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo dojú bébà náà dé, tí mo ń wò ó láti ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún bọ́ sápá òsì, ìgbín mi sì ká bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi! Inú mi dùn débi pé mo jó.

Nígbà tó yá, obìnrin àgbẹ̀ kan wá láti Towé. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọlé ọkọ níbí ní Sakété, ó fẹ́ alákékù onígbín. Èmi àti Àdùkẹ́ ni ọ̀gá wa gbé e fún. Lára àkékù tí a lò ni àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa tó ṣẹ́ kù lára àwọn àsíá tí a rán fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọmọ Igana ni Àdùkẹ́. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Ẹní kan náà là ń sùn sí, a sì ti fẹ́ gba òmìnira iṣẹ́ pọ̀. Abẹ́rẹ́ ti gún un níka ọ̀tún lásìkò náà, ìka ọ̀hún wú, ata ń ta á, ó sì ń fi òsì jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀tún náà ló ṣì fi ń rán aṣọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo wà nídìí tábìlì, bébà mi dojú dé, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ òsì. Ìyá Ìbejì kàn wọlé pẹ̀lú àlejò, wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n sì ń tàkùrọ̀sọ. Wéré ni mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Bébà ni n kò rántí yí padà. Bí mo ṣe fi ọ̀tún rán ojú mélòó kan nìyẹn, gbogbo wọn sì ká sódì. Ẹ rí ayé bí? Ọ̀tún tí gbogbo wọn ń yìn ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ìkánjú la fi rán gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tó fiyè sí i.

Obìnrin Towé yẹn fiyè sí i. Ẹni tó ti ń ṣa ìgbín láti kékeré! Ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó wò ó, ó sì pariwo: "Yéè! Ìgbín wo ló ń ká báyìí? Ta ló fọwọ́ òsì rán aṣọ ọmọ mi?" Ó ní ọmọ òun kò ní bò ó láéláé.

Ojú ti ọ̀gá wa gidigidi. Ó bi wá léèrè. Àdùkẹ́ ní, "Èmi kọ́ o, Ìyá." Ọ̀gá wa wá kọjú sí mi. "Àṣàbí, ìwọ ni àgbà. Ta ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo sọ kò ju, "Ìyá, ẹ wo ọwọ́ tó fi ń jẹun."

Ó ti tó, torí ọ̀gá wa gbà pé èmi ti fi òsì sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti nà mí. Ó ní kí Àdùkẹ́ lọ di ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ wá láti Igana, ó gbé ẹrù ọmọ rẹ̀ lórí, wọ́n sì lọ. Gbogbo Pobè gbọ́ pé ọlọ́wọ́ òsì kan fẹ́ da ilé ọkọ ọmọ ọlọ́mọ rú. Èmi ni mo tún àwọn ojú náà rán, lẹ́yìnkùlé, òsì sì ni mo fi rán an. Nígbà tí obìnrin Towé náà wá gbà á, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má tàn yín. Mo mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí ẹnì kan yóò bá lọ, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó mi lọ. Ìgbéraga gbáà ni, kò lórúkọ mìíràn.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé ohun tí mo ń sá fún kò tó nǹkan. Nínú àtelíyè mi, ilé ìránṣọ mi níbí ní Sakété, gbangba ni mo ń fi òsì rán aṣọ. Bí oníbàárà bá yínmú sí mi, màá ní, "Ẹ̀yin náà, ṣé aṣọ lẹ wá gbà ni àbí ọwọ́?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé ẹrù wọn lọ. Ká ní mo ti ní irú ẹnu yìí lọ́jọ́sí ni!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àdùkẹ́ wá. Ó ti rù. Bó ṣe kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì pamọ́ sábẹ́ ìró, bí ẹni pé egbò wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kì í jẹ oúnjẹ tó bá sè. Láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Pobè, kò sẹ́ni tó gbé aṣọ fún un rán. Ó gbọ́ pé òsì ni èmi náà ń lò, pé iṣẹ́ náà sì ń gbè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi tún ọwọ́ mi ṣe. Mo ti rò ó, mo tún un rò. Bóyá èmi náà ni mo rán àwọn ìgbín yẹn, tí n kò mọ̀."

Háà! Ẹ gbà mí! Ẹni tí kò ṣe é ti gbà pé òun ló ṣe é. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í pa lẹ́nu mọ́, mo kàn gbé e dìde ni. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ ọjà.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò bi yín bóyá kí n sọ ọ́. Màá sọ ọ́. Màá mú un lọ sí Pobè, síwájú ọ̀gá wa àti gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, màá sì ní èmi ni. Láti ibẹ̀, a ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. Bí oníbàárà mi bá fẹ́ sá, kí wọ́n máa lọ. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ kò ní sá.

Ibi tó rú mi lójú nìyí. Bí mo bá kúnlẹ̀ fún ọ̀gá wa, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ìyá ló jẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ni mo jẹ ní gbèsè ìkúnlẹ̀, àbúrò mi sì ni. Mo mọ̀ ọ́n. Bí ó bá rí i tí eékún mi kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò ní mo fẹ́ gbé èèwọ̀ ka òun lórí, yóò sì sá lọ kí n tó ya ẹnu. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tí kò fi ní sá?