Ìwé Tí Ìyàwó Bá Ọkọ Dáhùn

Mo ń dúró de dókítà ọkàn ní ọsibítù kan ní Ìkẹjà nígbà tí ìjà bẹ́ láàárín tọkọtaya àgbà kan níwájú mi, torí nọ́ọ̀sì tó ń ṣèwádìí bóyá ìbànújẹ́ ń dààmú àwọn alárùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ọkọ ní ìbéèrè inú ìwé kan, ìyàwó ló sì bá a dáhùn gbogbo rẹ̀.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Wọ́n ní ṣé mò ń rí oorun sùn, o ní a dúpẹ́. Wọ́n ní ṣé ayé sú mi, o tún ní a dúpẹ́! Ọpẹ́ kí ni?"

"Alájì, ẹ rọra, àwọn èèyàn ń wò wá. Ṣé kí n fẹnu ara mi sọ pé ayé sú ọkọ mi, kí màlékà ṣe àmín sí i?"

"Kó ṣe é! Láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bisikíìtì ti ní kí n máa lọ sílé, oorun ò kùn mí mọ́."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Bí mo bá lanu, wàá ní kí n má sọ̀rọ̀ burúkú. Oògùn tí ò ń kó lé mi lọ́wọ́ láràárọ̀, inú ṣáláńgá ni mò ń dà á sí."

Ohùn ìyàwó wá le ju ti ọkọ lọ.

"Ẹ ti ń lọ, ẹ ò sì dágbére fún mi?"

Mo pẹ́ nílé ọkọ, mo sì ti gbọ́ ìbínú oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ irú èyí rí. Ìyàwó dìde, ó kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì gbàgbàgbà.

"Ẹ fa ìwé yẹn ya. Irọ́ ni mo pa. Ẹ bi Alájì fúnra wọn."