Yàrá Tó Ṣófo Nínú Ilé Gíláàsì

Ẹ̀yin ará inú ilé àdúrà yìí, ẹ mọ̀ pé ohùn mi kì í jáde láàárín èrò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí yìí, n kò gbọdọ̀ gbé e mì.

Lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn àdúrà, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní. Ọkàn mi kò balẹ̀. Àǹtí Fúnmi, ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ti rí fúláàtì olówó ńlá kan ní Marínà, láàárín àwọn báńkì, nítòsí ibi iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n onílé náà kì í gba obìnrin tí kò lọ́kọ. Ajẹ́ńtì ní kí wọ́n kàn mú ọkùnrin kan dání. Wọ́n bẹ Bùrọ̀dá Káyọ̀dé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó wá ku èmi tí màá jẹ́rìí níwájú onílé.

"Ṣáà sọ pé ọkọ àǹtí ẹ nìyẹn," Àǹtí wí. "Ojú ẹ jọ ti ẹni tí kì í parọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an la fẹ́ lọ. Ibi tí mo ti ń rò ó ni oorun ti gbé mi.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan dúró lẹ́sẹ̀ ẹní mi. Ó ní, "Dìde." Mo dìde, ṣùgbọ́n mo rí ara mi tó ṣì sùn sílẹ̀.

Ó mú mi dé ìlú kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù bí àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwọn ilé ibẹ̀ kò ga, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Mo rí màmá opó tí wọ́n ń sùn sẹ́yìn ilé àdúrà wa kí wọ́n tó kú, nítorí gbogbo onílé tí wọ́n bá lọ ló ń bi wọ́n léèrè ọkọ. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́.

"Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan níbí o. Wọ́n kàn ní kí n wọlé ni."

Mo fẹ́ dúró. Afinimọ̀nà mi ní, "Kò tíì yá."

Ilẹ̀ là. Mo rí ilé gíláàsì gogoro kan, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló ga sí. A wọ lífìtì, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ooru ń bọ̀, n kò rí iná, mo ń gbọ́ igbe, "Ọkọ mi! Ìyàwó mi!", ọkùnrin àti obìnrin dì mọ́ra wọn, wọn kò lè tú ká, bí ọ̀kan bá gbójú sókè wo èkejì kò ní rí ojú, kò ní rí imú, awọ lásán ló tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì tún kígbe.

"Àwọn tó fi irọ́ so ara wọn pọ̀ nítorí ilé," afinimọ̀nà mi wí. "Wọ́n ti rí ilé gbà."

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, onílé kan ń lọ láti ilẹ̀kùn kan dé òmíràn, kọ́kọ́rọ́ tó pọ́n bí ẹyin iná rọ̀ sí i lọ́rùn. Gbogbo ilẹ̀kùn tó bá kàn, ohùn kan á dáhùn láti inú pé, "Ta ló bá ọ wá?" Kò sẹ́ni tó bá a wá.

Nísàlẹ̀ pátápátá, yàrá kan wà tó mọ́ tónítóní. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́ nínú rẹ̀, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Bàtà iṣẹ́ àǹtí mi wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sápá kan.

"Ta ló ni ibí?"

"Ẹni tó ni ín kò tíì dé. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni wọ́n ń retí." Ó wo ẹnu mi.

Mo kígbe. Àǹtí ló ń jí mi, wọ́n ti múra.

"Dúpẹ́, bọ́jú kíá! Bùrọ̀dá Káyọ̀dé ti wà níta. Àbí o fẹ́ kí ọkọ mi kọ̀ mí kó tó fẹ́ mi ni?"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò lè sọ ọ́."

"Orí ẹ ò pé! Ṣé ìwọ lò ń jí ní ìdájí lọ Marínà?"

Mo sọ ìran náà fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ pòṣé. Nígbà tí mo dé ibi yàrá yẹn, wọ́n jókòó sórí ẹní.

"Ṣé mo wà nínú ẹ̀?"

"Yàrá náà ṣì ṣófo, Àǹtí."

Bùrọ̀dá Káyọ̀dé ń tẹ họ́ọ̀nù níta. Àǹtí kò dìde.

Ẹ̀yin ará, n kò mọ ohun tí ẹ bá onílé yín sọ. Ẹ má jẹ́rìí èké wọ ilé, ẹ má sì fi ẹ̀rí èké mú ẹni tí ẹ fẹ́ràn wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé, ẹ má bi opó léèrè ẹni tó bá a wá. Nígbà tí mo dúró lẹ́nu yàrá yẹn, mo gbọ́ ìró òòlù nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣì ń kọ́ ilé náà lọ.