Ọwọ́ Tí Mo Rò Pé Ó Ń Fa Alùpùpù Wa Sẹ́yìn

Ògo ni fún Ọba tí ó ní kí n má tíì kú! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé E ga. Ẹ tún bá mi gbé E ga lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ, ọ̀rọ̀ yìí sì ṣì ń dàrú mọ́ mi lójú títí di bí mo ṣe dúró yìí. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ foríjì mí. N ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wolé-wolé ni mí. Àgùdà ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi, Ìyá Tóyìn, àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta, ṣùgbọ́n Mùṣín ni iṣẹ́ mi wà. Ní ọdún kejì tí ìjọba yí gbogbo wa kúrò ní apá òsì títì sí apá ọ̀tún, ilé iṣẹ́ wa fún mi ní alùpùpù kan. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń wò mí, mi ò ga. Alùpùpù yẹn ga. Lọ́jọ́ iṣẹ́, bàtà gogoro tó lòde yìí ni mo fi ń gùn ún, ẹsẹ̀ mi a sì kanlẹ̀ bí mo bá dúró. Ọjọ́ Ìsinmi ni wàhálà. Ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà wa. Láìsí bàtà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ dúró lẹ́nu géètì ìjọ wa yìí, mi ò bá ilẹ̀, èmi àti ìyàwó mi ṣubú sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Àwọn akọrin rí wa. Wọ́n gbìyànjú gan-an láti má rẹ́rìn-ín.

Mo wá lọ bá mẹkáníìkì kan ní Pápá Àjàó, Rájí lorúkọ rẹ̀. Mo ní kí ó bá mi rẹ alùpùpù náà sílẹ̀. Ó yí i po, ó wo èmi náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní bóyá kí òun kúkú yọ táyà méjèèjì kúrò. Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó fi ṣọ́ọ̀kì méjì tó wà lẹ́yìn hàn mí, àwọn irin tó ń jẹ́ kí ìjókòó máa lọ sókè sódò bí a bá bọ́ sí kòtò. Ó ní òun máa gé díẹ̀ kúrò lára sípírínì wọn, irin tó wé mọ́ wọn, òun á sì ti irin iwájú náà wọlé díẹ̀ kí iwájú àti ẹ̀yìn lè bára dọ́gba. Kó tó mú ayùn, ó bi mí léèrè:

“Ọ̀gá wolé-wolé, ta ló máa ń jókòó sẹ́yìn yín?”

Mo ní kò sí ẹnì kankan.

Ẹ̀yin ará, irọ́ ni mo pa. Òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé a ò gbọdọ̀ fi alùpùpù ìjọba gbé èrò, Rájí ló sì ń tún ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe. Ẹ̀rù bà mí kí ọ̀rọ̀ má baà détí ọ̀gá mi. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Nígbà tó parí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì mo gùn ún lọ síbi iṣẹ́, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo gbé ìyàwó mi. Bí a ṣe dé ibi tí títì ti bàjẹ́ lọ́nà Ìtìrẹ́, a bọ́ sí kòtò kan, nǹkan dún krù lẹ́yìn, alùpùpù náà sì dúró gbọ́ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn di ẹ̀wù ẹni mú láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ wa. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé, èmi nìkan, mo gba ọ̀nà yẹn kan náà, mo bọ́ sí kòtò yẹn kan náà. Kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, pẹ̀lú ìyàwó mi, ó tún dì wá mú.

Báyìí ló ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rò pé nǹkan kan ni kò fẹ́ kí n dé ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo máa ń dá wá sí ìsìn ọjọ́rú, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Mo ní bóyá aṣọ funfun ni kò fẹ́. Mo wọ aṣọ funfun, mo dá gùn ún, kò ṣe nǹkan kan. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo da omi àdúrà sí i lára, iwájú àti ẹ̀yìn. Ìyàwó mi sọ fún mi pé òun ń gbóòrùn rọ́bà tó ń jóná nísàlẹ̀ òun. Mo ní kó máa gbàdúrà.

Mo wá lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó bi mí bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo bá dá gùn ún. Mo ní rárá.

“Àlàó,” ó ní, “kí ló wá kù tí o fẹ́ kí n là yé ọ?”

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fẹ́ Ìyá Tóyìn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bó bá ń bu oúnjẹ fún mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi keje, a tún bọ́ sí kòtò, ó dún krù, táyà ẹ̀yìn bẹ́. Mi ò mọ bí a ṣe dé ilẹ̀. Nígbà tí mo lajú, ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú ojú mi, ó súnmọ́ mi débi pé mo lè ka iye nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi dè é. Mo kà á. Mẹ́fà ni. Títí di òní mi ò mọ ìdí tí mo fi ń ka nọ́ọ̀tì dípò kí n pe orúkọ Jésù. Dírẹ́bà ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí títì. Ẹ bá mi dúpẹ́, ará. Orí mi ni ì bá fọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Dókítà ní apá òsì ìyàwó mi ti kán, pé kò sí nǹkan mìíràn, kí àwa méjèèjì lọ fọpẹ́ fún Ọlọ́run. Mo bi í bóyá ó rí nǹkan kan tó ṣàjèjì lára obìnrin náà. Ó ní nǹkan bí irú kí ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wá, ó ní ó tó báyìí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbà fún un. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wò mí.

“Títí dìgbà wo, Bàbá Tóyìn?”

Mo jáde síta.

Lọ́jọ́ tí yóò lọ, mo ti alùpùpù náà dé ọ̀dọ̀ Rájí láàárọ̀ kó lè fi táyà tuntun sí i. Ó pè mí kí n wá wo abẹ́ mọ́gáàdì ẹ̀yìn, irin tó bo táyà. Rọ́bà dúdú ti lẹ̀ mọ́ irin náà, orí bólùtì kan sì ń dán, ibi tó ti ń gé táyà wa díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó, ó fi ìka rẹ̀ sáàárín táyà àti irin, ìka náà wọlé. Ó wá jókòó sẹ́yìn mi, Rájí kò sì sanra, ó fìdí tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ krù yẹn: irin ti di táyà mú.

“Ọ̀gá wolé-wolé,” ó ní, “mo bi yín o.”

Mo fi alùpùpù sílẹ̀ níbẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì. Mò ń bẹ Ọlọ́run kí ìyàwó mi má tíì lọ. Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó ti ẹrù rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan àti eyín di okùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò fún un, láti orí irọ́ tí mo pa fún Rájí dé orí ohun tí mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀.

“Ṣé kí n tú ẹrù náà ni?” ó béèrè.

Mo bá a tú u.

Rájí ti fi odindi sípírínì tuntun sí i, ó sì dín fóòmù ìjókòó kù fún mi. Èmi nìkan ló ń gùn ún báyìí. Ṣùgbọ́n kò tíì yé mi tán, ará. Ẹ̀gbọ́n mi ní ta ló fi irọ́ yẹn sí mi lẹ́nu? Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Olúwa dá ẹ̀mí wa sí, Ó sì jẹ́ kí n délé kí ìyàwó mi tó lọ. Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Ìwọ tí ìdààmú bá, tí wọ́n ń sọ fún ọ pé ẹni tó súnmọ́ ọ ló fà á, jọ̀wọ́ ní sùúrù. Gbàdúrà, ṣùgbọ́n tí ẹni yẹn bá sọ ohun tó ń rí fún ọ, gbọ́ ọ. Olúwa yóò yọ ìwọ náà.

Ìyá Tóyìn nìyẹn láàárín àwọn ìyá, ẹni tó so apá kọ́rùn. Ó ní kí n má dárúkọ òun. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ti jáde láti ilé wa, àwọn kan nínú yín sì ti gbọ́ ọ. Ẹnu mi ló ti jáde. Kì í ṣe òótọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ ọn.