Pépà Tí Mo Lẹ̀ Bo Òótọ́

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ jókòó. Ọ̀la lẹ fẹ́ fi mí ṣe olórí àwọn tó ń yẹ káàdì wò nílé iṣẹ́ wa yìí, àbí? Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹ máa gbọ́ irú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sórí àga. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti ń sá lọ láti ọdún mọ́kànlá, ó ti rẹ̀ mí.

Gbogbo wa la mọ eré wa: fa káàdì kan, ta á, kó kan ẹnìkejì. Káàdì tó bá wá ń jẹ́ kéèyàn fa òmíràn sí i, ewu ni. Ìyá Aláyẹ̀wò tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ọwọ́ tó bá gba nǹkan gbọ́dọ̀ sọ nǹkan sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnì kan á máa ta, ẹnìkejì á máa wòran. Nígbà tí mo ṣe káàdì tuntun kan tí mo pè ní Ìkún Omi, mo kọ ọ́ sórí pépà pé "Fa mẹ́ta, ju méjì nù," mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú káàdì àlòkù bí a ṣe máa ń ṣe. Ìyá ta á nígbà àádọ́ta, wọ́n fi pẹ́ńsùlù fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi aláṣejù ti lọ fọ́nnu fáwọn oníṣòwò tó ń ta káàdì wa lọ́jà pé irú èyí ò sí rí. Mo ní kí Ìyá jẹ́ ká yọ "ju méjì nù" kúrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ tó ń jẹun tí kì í fọ abọ́ ni mo fẹ́ bí sínú eré. Nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo gé pépà tuntun, mo kọ "Fa mẹ́ta" sí i, mo lẹ̀ ẹ́ bo ti tẹ́lẹ̀, mo gbé e fáwọn atẹ̀wé. Mo wá lọ jẹun ọ̀sán tèmi náà. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Ìdíje ńlá tí wọ́n ti kọ́kọ́ lo káàdì náà dojú rú: ẹni tó bá ti ní in á máa fa, á máa ta, kò ní kan ẹlòmíràn. Olùkọ́ kan tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ torí ẹ̀ di káàdì méje mọ́wọ́, kò rí ẹyọ kan ta tí wọ́n fi borí rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ pe èmi àti Ìyá, ó ní ta ló yẹ èyí wò. Mo yí ẹ̀yìn káàdì tí Ìyá fọwọ́ sí sí i. Ìyá wò ó lọ, wò ó bọ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi rèé lóòótọ́, ṣùgbọ́n káàdì tí mo fọwọ́ sí kọ́ nìyí." Ọ̀gá kọjú sí mi. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi yìí sọ: "Ẹ má bínú sí wọn, sà. Àgbà ti dé sí wọn, wọn ò rántí nǹkan mọ́."

Ìyá kó pẹ́ńsùlù wọn, wọ́n lọ. Kò sílé iṣẹ́ tó tún gbà wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ pé lógún ọdún tí Ìyá fi ṣiṣẹ́ níbí, wọn ò gba irú káàdì bẹ́ẹ̀ wọlé rí. Ta nínú yín ló béèrè? Ẹ káwọ́ lẹ́rán. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiyín ò tó tèmi.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá mo pàdé Ìyá nílé ìkàwé, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn ní káàdì títa. Mo fẹ́ yà. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi, wọ́n wá ní, "Ṣé o ṣí pépà ti ìsàlẹ̀ kúrò ni, àbí o kàn lẹ̀ ẹ́ lé e? Káàdì yẹn nípọn lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà." Wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ń retí kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Káàdì náà rèé. Akọ̀wé, gbà á, fi omi rẹ ẹ́, bó pépà òkè kúrò. Ka ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ sókè, kí gbogbo wọn gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ ti gbọ́. Èmi fa orúkọ, mo fa ipò, Ìyá ni mo jù nù. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ lọ mú wọn wá síbí lọ́la. Àwọn ló ni àga yẹn.