Àmì Tí Mo Yọ Lórí Ọ̀rọ̀ Baba Tíṣà

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mọ́kànlá. Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ bí mo bá gbé eléyìí wọ sàréè, ilẹ̀ ò ní gbà mí. Ìwọ agbẹ̀bí, ọmọ Baba Tíṣà, ìwọ gan-an ni mo ránṣẹ́ pè. Jókòó.

Èmi ni akọ̀wé tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aṣòfin sílẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ohun tí aṣòfin bá sọ ni òfin mọ̀. Rárá o, ohun tí akọ̀wé bá kọ ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Olórí Ilé Aṣòfin á béèrè bóyá àkọsílẹ̀ àná péye. Ẹnì kan á ní ó péye, ẹnì kejì á gbè é lẹ́sẹ̀, àtúnṣe parí nìyẹn. Nínú gbogbo aṣòfin, bàbá rẹ nìkan ló máa ń kà á. Ó ti kúrò ní tíṣà, tíṣà ò kúrò lára rẹ̀, bíírò pupa kì í wọ́n lápò rẹ̀. "Akọ̀wé, àmì ohùn dà? Ṣé ọkọ ni àgbẹ̀ yìí gbé kọ́ èjìká ni, àbí ọkọ́?" Gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ wọn, ó sì dùn mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àbá wá pé kí wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí tí o ti ń ṣiṣẹ́ pa, bàbá rẹ dìde pẹ̀lú bándéèjì lójú méjèèjì, nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un. Ó ní, "Mo kọ̀ ọ́." Ohùn àwọn tó kù borí tirẹ̀. Lẹ́yìn ìjókòó, Olórí Ilé, tó kọ àbá náà níkọ̀kọ̀, pè mí. "Ṣáà bá mi yọ àmì orí 'kọ̀' yẹn. Ta ló máa mọ̀?" Bí àmì bá ti kúrò, ó di "Mo kọ ọ́", pé bàbá rẹ ló kọ àbá ọ̀hún. Ó ṣèlérí àga olórí akọ̀wé fún mi. Ìbá jẹ́ nítorí àga nìkan ni! Ẹ̀rín ọ́fíìsì yẹn ni mo ń gbẹ̀san rẹ̀. Mo yọ ọ́.

Èyí tó burú jù rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú. "Akọ̀wé mi, mi ò ríran. Ka tèmi fún mi." Ìwé tí mo dìmú ní "Mo kọ ọ́", ẹnu mi ní "Mo kọ̀ ọ́", pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tó péye, bí ọmọ iléèwé rere. Inú rẹ̀ dùn. Ó fa bíírò pupa yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. "O ti mọ̀ ọ́n wàyí. N ò nílò èyí mọ́." Ó wọlé ìjókòó, òun fúnra rẹ̀ ló ní àkọsílẹ̀ péye.

O mọ ìyókù. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí. Nígbà tó ní òun kọ̀ ọ́, o ní, "Ẹnu lẹ fi ń sọ, Bàámi, ìwé ni mo rí." Ó sọ fún mi pé látìgbà náà, o ò yà sọ́dọ̀ òun mọ́. Ó ń sunkún. Èmi ìkà yìí, mo ní kó máa ṣe sùúrù. Sùúrù yẹn ló ń ṣe títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ yí ibùsùn mi ká, tí ẹ ní àmì ò já mọ́ nǹkan, ẹ wo omi ojú ọmọ yìí. Ọmọ Tíṣà, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Ìwé ọjọ́ náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mi ò lágbára láti fa àmì orí 'kọ̀' yẹn kó tọ́ mọ́. Bíírò bàbá rẹ rèé. Gbà, bá mi fi àmì rẹ̀ sí i.