Ẹsẹ̀ Táyé Ni Mo Fi Ṣe Ẹsẹ̀ Kẹ́yìndé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Àwọn àgbà ilé wa ti pè mí sí Manigri lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ pé kí n wá jẹ́rìí. Irọ́ tí èmi fúnra mi pa ni wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí sí.

Ìbejì ni àwọn àbúrò bàbá mi, Táyé àti Kẹ́yìndé. Iṣu àti kajú ni wọ́n ń gbìn. Bàbá ni mo ń pe àwọn méjèèjì, torí àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú, àwọn ló sì rán mi lọ sí yunifásítì.

Iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ mi ni pé kí òdínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ẹsẹ̀ èèyàn hàn. Ilé ìwòsàn kan ní Bassila yá mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún. Mo ń fi wo itan èèyàn títí dé ọrùn ẹsẹ̀, mo ń wọn bí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, mo ń kó o sínú òdínátọ̀. Òdínátọ̀ á wá ya ẹsẹ̀ náà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn dáadáa á pupa, ibi tó ti dí á dúdú.

Bàbá Táyé ló kọ́kọ́ wá, bí Táyé ti máa ń ṣíwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ kedere. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Kẹ́yìndé ti oko kajú rẹ̀ lọ́nà Doguè dé. Ó ní ẹ̀yìn ojúgun òun máa ń dun òun tí òun bá ń rìn, tí òun bá dúró díẹ̀ á fúyẹ́. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Láti òkè orúnkún lọ sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ ṣàn mọ́. Mo tún un wò, bákan náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní inú kan náà ni wọ́n ti jáde, báwo ni ẹsẹ̀ ọ̀kan á ṣe mọ́ tí ti èkejì á dí? Mo ní ẹ̀rọ ni kò dáa, tàbí ọwọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé Bàbá Kẹ́yìndé ń mu sìgá láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, Bàbá Táyé kì í fẹnu kàn án. Dókítà wà ní yàrá kejì, mi ò pè é. Ojú ń tì mí kó má lọ ní mi ò mọṣẹ́.

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́, òdínátọ̀ ò gba ẹsẹ̀ náà, ó kàn ń dúró láàárín iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ mi sì ń retí iṣẹ́ mi. Ni mo bá yọ ti Kẹ́yìndé kúrò, mo fi ti Táyé rọ́pò rẹ̀, mo yí i díẹ̀ kí wọ́n má bàa jọra jù. Alákọ̀wé òfo!

Mo tẹ àwòrán méjì sórí ìwé, mo kó wọn wálé, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń fún ìbejì kan kó má fún èkejì? Bàbá Kẹ́yìndé wò ó títí. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi dáa?"

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá."

Ó gbé e kọ́ ara ògiri, ó padà sóko.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹsẹ̀ tí òdínátọ̀ ní ó dáa, kí ni yóò ṣe é? Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Mo sunkún, gbogbo ilé ń bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Wọn ò mọ ohun tí mo ń sunkún sí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá Kẹ́yìndé ní ẹsẹ̀ òun kò ṣàìsàn, àwòrán wà níbẹ̀. Ó ní Táyé ló gba ẹsẹ̀ òun lójú ẹ̀mí mọ́ tirẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí Táyé ṣì máa ta kébé lóko bí ọ̀dọ́. Àwọn tó jọ sùn nínú ìyá kan ò jọ jẹun mọ́. Bí àwọn àgbà bá dá Bàbá Táyé lẹ́bi, yóò kó kúrò nílé lọ sí Pénéssoulou. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n á gbé àwòrán yẹn síwájú mi, wọ́n á ní kí n sọ bóyá ẹsẹ̀ Kẹ́yìndé dáa tẹ́lẹ̀.

Bàbá Táyé pè mí lánàá. Mo rò pé yóò ní kí n gbèjà òun ni. Ó ní, "Ọmọ mi, sọ ohun tí o rí. Bóyá mo ṣe é láìmọ̀."

Yéè! Ó ti ń gbà pé òun jẹ̀bi. Síbẹ̀, mo kàn ní, "Ó dàárọ̀, Bàbá."

Màá sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, kódà bí wọ́n á lé mi nílé. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Kẹ́yìndé ni mo jẹ́ kí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Táyé ni mo sọ di olè ẹsẹ̀ lójú ìkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa wo ẹnu mi. Ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?