Méjì Tí Mo Sọ Di Mẹ́fà

Òtítọ́ tí Ẹnjiníà ti fi ẹ̀rín bò fún ọdún mẹ́sàn-án ò gbà á láyè mọ́. Báwo ni yóò ṣe gbà á láyè? Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń yí kiri pálọ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù tuntun, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, nítorí lọ́jọ́ Ajé ni yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́. Ẹnjiníà bá kúnlẹ̀ níwájú bàbá ọkọ rẹ̀, àgbà bíríkìlà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ yẹn, èmi ni mo ya àwòrán ẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ ti kọ́ ọ tán kí n tó tò ó sínú kọ̀ǹpútà, bíríkì kọ̀ọ̀kan àti sìmẹ́ńtì tó so wọ́n pọ̀, kí n wò ó bóyá á lè ru òrùlé. Àṣé kò lè rù ú! Bíríkì tó tẹ̀ bí ọrun lókè ẹnu ọ̀nà di pupa yòò lójú kọ̀ǹpútà, pé ó máa là. Ojú tì mí. Ṣé kí n wá ní kí ẹ wó o ni? Nọ́ńbà agbára sìmẹ́ńtì yẹn, méjì ló yẹ kí n kọ síbẹ̀. Mẹ́fà ni mo kọ. Pupa di àwọ̀ ewé, bí ẹni pé ó lè ru òrùlé, mo sì buwọ́ lù ú. Ìkà ni mí! Ọmọ ọlọ́mọ ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, mi ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó kan tèmi lẹnu mi wá là. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí, wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà náà pa. Ẹ foríjì mí."

Bàbá wò ó, ó tún un wò, ló bá bú sẹ́rìn-ín títí tó fi di ikọ́.

"Ìyàwó wa, ìpele bíríkì mélòó lo yà síbẹ̀?"

"Ẹyọ kan ni, Bàbá."

"Ọkàn mi ò gbà á. Ìpele méjì ni mo tò, mo wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ kó o má baà bínú. Èmi náà jẹ̀bi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, níṣojú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ọmọ náà, Bàbá fi òòlù gbá ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì já bọ́, ìpele kejì yọjú. Ẹnjiníà tan kọ̀ǹpútà lórí bẹ́ǹṣì, ó to ìpele méjì, ó kọ méjì gangan, ó sì di ojú.

"Màámi, ó ti di àwọ̀ ewé!" ọmọ rẹ̀ pariwo.

Háà! Ẹnjiníà fò sókè bí ọmọdé.

"Lẹ́tà yín ṣì wà lọ́wọ́ mi o," ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wí.

"Ẹ jẹ́ kó dé ibi tó yẹ kó dé, mà. Mo jẹ̀bi síbẹ̀."

Bàbá fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ìyá ẹ ò bi mí, èmi náà ò sọ fún un. Oorun ọdún mẹ́sàn-án ló bá a lọ."